Pikachu, Eku Mànàmáná: Ẹ̀sùn Òdodo àti Ẹ̀sùn Èké

 

Nínú gbogbo ohun ìṣeré tí àwọn ọmọdé ayé òde òní mọ̀, díẹ̀ ni ó wà tí àwọn Mùsùlùmí ti sọ̀rọ̀ lé lórí tó eku aláwọ̀ ìyeyè kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pikachu. Àwọn kan ní àwọn Yẹ̀húdí ni ó rán an wá. Àwọn mìíràn ní orúkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ òdì sí Ọlọ́hun. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ẹnu àgbà tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ti dàgbà báyìí. Wọ́n ti kàwé, wọ́n sì lè wádìí fúnra wọn. Bí wọ́n bá wádìí, ohun tí wọn yóò rí kò ní bá ohun tí wọ́n gbọ́ mu. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ eku ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ẹni tí ó bá ti ká oníwàásù mọ́ irọ́ lórí ohun ìṣeré, ó ṣòro kí ó tó tún gba oníwàásù kan náà gbọ́ lórí tẹ́tẹ́ àti lórí ìrun.

Ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀sùn kàn. Ọmọ Jàpáànù kan, Satoshi Tajiri, tí wọ́n bí ní 1965, tí ó sì dàgbà sí Machida lẹ́bàá Tokyo, fẹ́ràn láti máa ṣa kòkòrò kiri nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tí ilé àti títì gba ilẹ̀ tí ó ti ń ṣa kòkòrò, ó ronú kan géèmù kan tí ọmọ ìlú ńlá yóò fi lè máa mú ẹ̀dá, kí ó máa kó wọn jọ, kí ó sì máa fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ rẹ̀, Game Freak, gbé géèmù náà jáde fún ẹ̀rọ Game Boy ti Nintendo ní ọjọ́ 27, oṣù Kejì, ọdún 1996. Wọ́n pè é ní Pokémon, èyí tí í ṣe àgékúrú orúkọ tí ó túmọ̀ sí àwọn abàmì ẹ̀dá inú àpò. Ẹ̀dá 151 ni ó wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà 25 ni ti Pikachu.

Obìnrin kan, Atsuko Nishida, ni ó kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀kẹ́rẹ́ ni ó gbà á lọ́kàn nígbà náà, nítorí náà, bí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ ṣe ń kó oúnjẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe mú kí eku tirẹ̀ máa kó iná mànàmáná pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ pupa méjèèjì. Bí ọ̀tá bá dojú kọ ọ́, yóò tú iná náà jáde. Nínú ìtàn náà, kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ kìlógíráàmù 6. Ní ti orúkọ tí wọ́n pariwo lé lórí, bí Yorùbá ṣe ń sọ pé nǹkan kọ yẹ̀rì ni àwọn ará Jàpáànù ń sọ pé ó ṣe pika. Chu sì ni igbe eku létí wọn. Eku tí ń kọ yẹ̀rì: gbogbo àṣírí inú orúkọ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, nígbà tí ó fi máa di 2001, àhesọ ti gba àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá kan kan pé Pokémon túmọ̀ sí "Yẹ̀húdí ni mí" ní èdè Jàpáànù, àti pé ìtumọ̀ Pikachu ni "di Yẹ̀húdí". Ọmọ Jàpáànù kan ṣoṣo, bí wọ́n bá bi í léèrè, ìbá ti tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ àwọn tí ń gbé e kiri kò bi ẹnikẹ́ni. Áyà kẹfà nínú Sūratul-Hujurāt sì wà nílẹ̀, èyí tí ó pa á láṣẹ pé kí onígbàgbọ́ wádìí ìròyìn kí ó má baà fi àìmọ̀kan ṣe àwọn ènìyàn kan ní ibi, kí ó sì wá kábàámọ̀ lẹ́yìn náà. Áyà 36 nínú Sūratul-Isrā' wà nílẹ̀ pẹ̀lú, tí ó kọ̀ fún ènìyàn láti tẹ̀lé ohun tí kò ní ìmọ̀ nípa rẹ̀. Imām Muslim pàápàá mú hádíìsì kan wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ tí ó fi hàn pé bí ènìyàn bá ń sọ gbogbo ohun tí ó bá ti gbọ́, ìyẹn nìkan ti tó láti sọ ọ́ di onírọ́. Kò sí èyí tí ó yọ irọ́ tí wọ́n pa mọ́ Yẹ̀húdí sílẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Áyà kẹjọ nínú Sūratul-Mā'idah sọ ọ́ gbangba pé ìkórìíra àwọn ènìyàn kan kò gbọdọ̀ mú onígbàgbọ́ ṣe àìdọ́gba.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀rín ni pé ní 1999, ọdún méjì ṣáájú, àwọn Yẹ̀húdí Amẹ́ríkà gan-an ni wọ́n ń fi ẹ̀sùn kan Pokémon. Àmì kan wà lára káàdì kan tí wọ́n tẹ̀ ní Jàpáànù, èyí tí ó jọ àmì àwọn Násì ti Jámánì. Àmì oríire àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni ó jẹ́ ní Jàpáànù, ó sì ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó bí Hitler. Síbẹ̀ Nintendo gbà láti yọ káàdì náà kúrò. Ohun ìṣeré kan náà, àwọn kan pè é ní ti ọ̀tá Yẹ̀húdí, àwọn kan pè é ní ti Yẹ̀húdí. Ní ọdún 1999 yẹn kan náà, pásítọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Colorado fi iná jó àwọn káàdì náà níwájú àwọn ọmọdé pé ti èṣù ni. Kò yẹ kí Mùsùlùmí bá irú wọn du ipò nínú àìwádìí.

Ìdájọ́ àwọn onímọ̀ Sáúdì yàtọ̀ sí àhesọ, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni pa méjèèjì pọ̀. Ní oṣù Kẹta 2001, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí Shaikh Abdul-Aziz Āl al-Shaikh jẹ́ olórí rẹ̀, ẹni tí í ṣe mùftí àgbà nígbà náà, ka Pokémon àti káàdì rẹ̀ léèwọ̀. Ìdí mẹ́ta gbòógì ni wọ́n gbé ìdájọ́ náà kà: tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń fi káàdì ta, ó ń gbé ẹ̀kọ́ Darwin lárugẹ, àmì àwọn ẹ̀sìn mìíràn àti ti àwọn Síónì sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí onímọ̀ ni pé kí ènìyàn yẹ ẹ̀rí rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti òde òní tí gbogbo ènìyàn ti mọ géèmù náà tinútòde, ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò wúwo bákan náà.

Ti àwọn àmì ni ó fúyẹ́ jù. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà kan wà lára káàdì lóòótọ́, ṣùgbọ́n àmì irú agbára kan ni ó jẹ́ nínú eré náà, bí ewé ti jẹ́ ti koríko, tí ẹ̀kán omi sì jẹ́ ti omi. Bí gbogbo ìràwọ̀ onígun mẹ́fà bá jẹ́ ti Síónì, ọ̀pọ̀ mọ́sálásí àtijọ́ ni wọn yóò ní láti wó lulẹ̀ nítorí iṣẹ́ ọnà ara ògiri wọn.

Ti Darwin gba àlàyé díẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn onígéèmù ń lò fún ìyípadà ẹ̀dá. Àmọ́ ohun tí Darwin kọ ní 1859 ni pé àwọn ẹ̀yà ẹ̀dá ń yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, fún àkókò gígùn. Nínú géèmù, Pikachu kan ṣoṣo ni yóò fara kan òkúta kan, tí yóò sì di Raichu lójú ẹsẹ̀, láìkú, láìbímọ. Ìyẹn kò jọ Darwin rárá. Ohun tí ó jọ ni kòkòrò afàyàfà tí ń di labalábá, èyí tí Ọlọ́hun dá bẹ́ẹ̀, tí ọmọdé aṣakòkòrò kan ní Machida sì fi ojú ara rẹ̀ rí. Bí wàásù kan bá fẹ́ bá ẹ̀kọ́ Darwin jà, kí ó lọ bá a nínú ìwé Darwin.

Ọ̀rọ̀ òkúta yìí gan-an ni ìbá kan ọmọ Yorùbá jù. Òkúta àrá ni wọ́n ń pè é nínú géèmù, ohun tí baba ńlá Yorùbá ń pè ní ẹdùn àrá. Kò sí ẹni tí kò mọ òrìṣà tí wọ́n ń bọ nídìí ẹdùn àrá nílẹ̀ yìí, tàbí iye ilé tí àwọn adósù rẹ̀ ti gba ẹrù níbẹ̀ nítorí pé àrá sán pa ènìyàn. Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí ó mọ ìtàn yẹn lè fura sí ẹ̀dá tí wọ́n fi mànàmáná lé lọ́wọ́. Ìfura rere ni. Àmọ́ ìyàtọ̀ wà láàárín ohun tí ènìyàn ń forí balẹ̀ fún àti ohun tí ọmọdé ń fi ṣeré. Kò sí ẹni tí ń bẹ Pikachu fún òjò. Abu Dāwūd gba ìtàn wá pé Ànábì rí ẹṣin oníyẹ̀ẹ́ méjì láàárín àwọn ọmọlangidi Ā'íṣà, ó sì bi í léèrè ohun tí ó jẹ́. Ā'íṣà fèsì pé ṣé òun kò gbọ́ pé Ànábì Sulaimān ní àwọn ẹṣin oníyẹ̀ẹ́ ni. Ànábì rẹ́rìn-ín, kò gba ohun ìṣeré náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí ìyọ̀ǹda yìí dé nínú ọ̀rọ̀ àwòrán ẹ̀dá ẹlẹ́mìí. Ẹni tí ó bá mú èyí tí ó le jù nínú ọ̀rọ̀ wọn kò jẹ̀bi, bí ó bá ti sọ pé èyí ni ìdí òun, tí kò sì fi ti Yẹ̀húdí bò ó mọ́lẹ̀.

Tẹ́tẹ́ ni ẹ̀sùn òdodo. Láti oṣù Kẹwàá 1996 ni wọ́n ti ń ta káàdì Pokémon ní Jàpáànù, ní 1999 ni èyí tí wọ́n tẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jáde. Inú àpò tí wọ́n lẹ̀ pa ni káàdì ń wà. Ọmọ yóò sanwó láìmọ ohun tí ó rà. Ó lè bá káàdì lásán tí ó ti ní mẹ́wàá irú rẹ̀, ó sì lè bá ọ̀kan tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa ṣe ìlara rẹ̀. Bí kò bá rí èyí tí ó ń wá, yóò padà lọ ra òmíràn, nítorí pé ìrètí ni wọ́n ń tà fún un. Ànábì kọ títà tí ohun tí ènìyàn ń rà nínú rẹ̀ fara sin, bẹ́ẹ̀ sì ni áyà 90 nínú Sūratul-Mā'idah ka tẹ́tẹ́ mọ́ ẹlẹ́gbin iṣẹ́ èṣù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọtí. Bí àwọn ọmọ bá sì fi káàdì jà tí ẹni tí ó borí kó ti ẹni tí ó ṣubú lọ, kò tún sí ọ̀rọ̀ àpèjúwe mọ́. Kì í ṣe àwọn Mùsùlùmí nìkan ni wọ́n rí èyí: ní 1999 kan náà, àwọn òbí kan ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ pé tẹ́tẹ́ ni wọ́n fi ń gba owó ọmọ àwọn.

Inú géèmù àkọ́kọ́ pàápàá ní ilé tẹ́tẹ́ kan tí ọmọ ọdún mẹ́jọ lè wọ̀, kí ó máa fa ẹ̀rọ oníkóìnì, kí ó sì fi èrè rẹ̀ gba ẹ̀dá tí kò sí níbòmíràn. Porygon ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń ṣe géèmù náà ti yọ irú ilé bẹ́ẹ̀ kúrò láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tí ó fi hàn pé àwọn náà mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Àmọ́ ti káàdì kò dáwọ́ dúró, ó kàn ń gbówó lórí ni. Ní 1997 àti 1998, ìwé ìròyìn àwọn ọmọdé kan ní Jàpáànù fi káàdì Pikachu kan tí kò ju 39 lọ ta àwọn ọmọ tí wọ́n yege nínú ìdíje àwòrán yíyà lọ́rẹ. Ní 2021, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan gba ọ̀kan nínú wọn ní iye 5,275,000 dọ́là. Wọ́n fún ọmọ ní ẹ̀bùn nítorí pé ó ya àwòrán dáadáa. Nígbà tí ó fi tó ọdún mẹ́rìnlélógún, ẹ̀bùn náà ti di ohun tí ń mú àwọn àgbàlagbà máa já àpò káàdì bí ẹni ń ta lọ́tìrì.

Ọjọ́ kan sì wà tí mànàmáná eku yìí ṣe ọmọdé léṣe ní ti gidi. Ó yani lẹ́nu pé àwọn tí ń wá ẹ̀sùn kiri kì í sábà mẹ́nu kàn án. Láti oṣù Kẹrin 1997 ni eré àwòrán Pokémon ti ń jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní Jàpáànù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n fi ìtàn kan hàn nínú èyí tí Pikachu àti Porygon wọ inú kọ̀ǹpútà. Pikachu sán mànàmáná lu àwọn ohun ìjà tí ń bọ̀ wá bá wọn, àwọ̀ pupa àti búlúù sì ń ṣẹ́jú lórí tẹlifíṣọ̀n bí ìgbà 12 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú àwọn ọmọ. Àwọn kan ń bì, àwọn kan dákú, gìrì mú àwọn kan. Àwọn 685 ni ọkọ̀ aláìsàn gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Púpọ̀ nínú wọn kò ní wárápá rí. Ọlọ́hun ṣàánú, kò sí ẹni tí ó kú. Nígbà tí àwọn oníròyìn sì fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀, wọ́n tún fi ibi ìṣẹ́jú náà hàn, ó sì tún mú àwọn mìíràn.

Wọ́n dá eré náà dúró fún oṣù mẹ́rin. Nígbà tí ó padà, Pikachu padà pẹ̀lú rẹ̀. Porygon kò padà. Wọn kò tún fi í ṣe ẹni pàtàkì nínú ìtàn kankan lórí tẹlifíṣọ̀n mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tí ó wo ìtàn náà mọ̀ pé iná Pikachu ni ó ń ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n Pikachu ni ó ń mú owó wọlé. Àṣà ayé ni pé kí ẹni tí kò lẹ́nì kan ru ẹ̀bi olówó, kì í sì í ṣe Jàpáànù nìkan ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí ó yẹ fún ìyìn, àmọ́: àwọn onítẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ náà jókòó, wọ́n wádìí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ṣe ọpọlọ, wọ́n fi òfin dè é, wọ́n sì ń kìlọ̀ fún ọmọdé láti ìgbà náà pé kí wọ́n tan iná yàrá, kí wọ́n sì jìnnà sí tẹlifíṣọ̀n. Òbí Mùsùlùmí tí ọmọ rẹ̀ ń jókòó sínú òkùnkùn pẹ̀lú fóònù lójú títí Sùbúhì fi ń wọlé ní ohun tí yóò mú níbẹ̀. Áyà 20 nínú Sūratul-Baqarah sọ̀rọ̀ mànàmáná tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ojú lọ. Bí ó bá kọ, àwọn munáfíkì á rìn, bí ó bá ṣú, wọn á dúró. Àwọn tí ó ń rìn láti inú àhesọ kan bọ́ sínú òmíràn kò jìnnà sí àpèjúwe náà.

Ní oṣù Keje 2016, géèmù Pokémon Go jáde. Ènìyàn yóò máa fi fóònù wá Pikachu kiri títì, ọjà àti àyíká ilé ìjọsìn. Láìpẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn ńláńlá gbé e pé Sáúdì ti tún gbé ìdájọ́ tuntun jáde lòdì sí i. Lọ́jọ́ mélòó kan sí i, àwọn aláṣẹ Sáúdì ní àwọn kò gbé tuntun jáde: ti 2001 ni ó tún hàn. Ìran, ní tirẹ̀, fòfin de géèmù náà ní oṣù Kẹjọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ààbò ìlú ni wọ́n sọ pé ó fà á. Àwọn tí wọ́n ń fi àwọn Mùsùlùmí ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọdún yẹn kò wádìí, gẹ́gẹ́ bí àwọn Mùsùlùmí kan kò ṣe wádìí ní 2001.

Ní oṣù Karùn-ún 2025, Scopely parí ríra géèmù Pokémon Go àti àwọn géèmù mìíràn lọ́wọ́ Niantic ní bílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ dọ́là. Savvy Games ni ó ni Scopely. Àpò ìdókòwò ìjọba Sáúdì ni ó sì ni Savvy Games. Ríra tí ìjọba ra nǹkan kì í sọ ọ́ di hàláàlì, bẹ́ẹ̀ ni kì í pa ìdájọ́ onímọ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí wọ́n sọ fún pé ọfà ọ̀tá ni eku náà yóò gbọ́ pé owó Sáúdì ni wọ́n fi rà á, yóò sì gbé ìbéèrè rẹ̀ wá sí ibi tafsīr nínú oṣù Ramadān, níwájú gbogbo jàmáà. Kí àáfà tí yóò dá a lóhùn ti ka ìdájọ́ 2001 náà tán, kí ó mọ èwo nínú ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ṣì dúró, kí ó sì ti mú àpò káàdì kan lọ́wọ́ rí, kí ó tó jókòó.